Ilé-ìwé Tí Wọn Ò Tíì Ṣí

Nínú bọ́ọ̀sì ní Wakefield nílẹ̀ òyìnbó, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìyá àgbà kan gbọ́ tí ọkùnrin tó gbé akoto iṣẹ́ lé itan ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ilé-ìwé tí wọ́n ń kọ́ lórí fóònù, ó sì dúró kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé ìwọ ni ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ ilé-ìwé tuntun òkè yẹn? Ẹ ní ẹ máa ṣí i kí sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ṣì ń kàwé nínú bésímẹ́ńtì, yàrá abẹ́ ilẹ̀. Òtútù ń mú un."

"Ẹ má bínú, màmá. Èmi ni mo ní ká má tíì ṣí i. Òrùlé ń jò. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún wa ní ká fi ọ̀dà bo ibi tó rin, ká ṣáà kó àwọn ọmọ wọlé. Mo ní àfi tí a bá tún un ṣe. Inú bí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà."

Màmá ń wo ìta. Ọkùnrin náà wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń lá àlá.

"Mo máa ń dá wọ ibẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Oòrùn á ti tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní gbogbo kíláàsì. Ilé náà máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, àmọ́ kò jọ ilé tó ṣófo. Ó dà bíi pé ó ń dúró de ariwo."

"Ó ń dúró de ariwo," màmá tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ó di ojú fúngbà díẹ̀.

"Jẹ́ kó dúró," ó ní. "Ọmọ yẹn ń bọ̀. Ariwo ẹ̀ pọ̀."