Abala Kẹsàn-án Tí N Kò Kà fún Selwyn

Òtítọ́ tí mo fi pamọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún gbọ́dọ̀ jáde lónìí, nítorí dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní bá mi dé ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Èmi ni Desmond Harkin, sájẹ́ńtì ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Launceston. Ẹni tó bá ka ìwé yìí tán, kí ó má ṣe pè mí ní ènìyàn rere mọ́.

Ìjọba wa yá mi fún ìjọba erékùṣù Solomon fún ọdún méjì, wọ́n sì fi mí sí Malaita, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà. Kí a tó gbéra, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́. Abala kẹfà sọ pé ẹni tí a yá kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ọlọ́pàá lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Bí ó bá wà á, wọn yóò dá a padà sílé, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì bọ́. Abala kẹsàn-án sọ pé kò sí ilé ẹjọ́ ní Solomon tó lè fi í sẹ́wọ̀n, ìbáà ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ abala méjèèjì lórí, nítorí èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Selwyn Maelaua ni ọlọ́pàá ọmọ ilẹ̀ náà tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé kan tí iṣẹ́ ti parí, mo gba ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ́wọ́ rẹ̀, kí a lè bá ẹja ní èbúté kí wọ́n tó tà á tán. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra o. Ẹja tó ti kú kò tún lè sá fún yín mọ́." Mo tẹná mọ́ ọkọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti yí, obìnrin kan ru agbọ̀n ọ̀dùnkún jáde láti oko, mo sì gbá a. Ọ̀dùnkún náà ń yí lọ lójú ọ̀nà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Wọn kò tíì dẹ́kun yíyí létí mi di òní. Rosina Kwalea ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kú kí a tó gbé e dìde.

Selwyn fà mí kúrò nídìí ọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ àjèjì lẹ máa kú sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé èmi ni. Àwọn ẹbí mi á bẹ ẹbí rẹ̀, á sì tán síbẹ̀."

Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ: pé wọn kò lè tì mí mọ́lé. N kò sọ ọ́. Iṣẹ́ mi ni mo ń bẹ̀rù pé yóò bọ́. Òun rò pé ẹ̀mí mi ni òun ń gbà là. Mo ní, "O ṣeun."

Bàbá Selwyn kó ẹlẹ́dẹ̀ àti owó ìkarahun ìdílé wọn lọ fi bẹ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọkọ Rosina gbà á, ó bá wọn jẹun, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń dúpẹ́ pé mo wá bá àwọn kẹ́dùn. Ọwọ́ kan náà ni mo gbé lé Bíbélì nílé ẹjọ́. Adájọ́ bi mí pé ta ló wa ọkọ̀. Mo wo ojú Selwyn, mo ní òun ni. Ó mi orí sí mi díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé kí n má bẹ̀rù. Ẹbí ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òfin kò dárí jì í: ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin, wọ́n sì gba aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn rẹ̀ títí láé. Èmi, ojo ènìyàn, àmì ẹ̀yẹ ni mo gbà nígbà tí mo délé.

Ní oṣù tó kọjá, mo kọ ìwé ìbúra ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́ náà, sí ọkọ Rosina àti sí Selwyn, pé èmi ni mo wa ọkọ̀. Mo rò pé mo ti jẹ́wọ́ tán. Ọmọbìnrin Selwyn fèsì: "Bàbá mi ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹnìkan ti fi ìwé àdéhùn yín han àwọn. Wọ́n ní kí n bi yín: lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kò lè tì yín mọ́lé?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ń yá fún ilẹ̀ òkèèrè, ẹ ka ìwé àdéhùn yín sétí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí ó lè mọ ohun tó dáàbò bò yín tí kò dáàbò bò ó. Selwyn, mo mọ̀. Kí o tó la ẹnu, mo ti mọ̀. Bí o bá lè dárí jì mí, kí ó jẹ́ èyí ni o dárí rẹ̀ jì mí.