Kànga Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká Gbọ́n Gbẹ

Mo fi ewú tó kù lórí mi búra, ìtàn yìí kò ní gùn. Èyí tó bá gùn níbẹ̀, ẹ ka á sí ọjọ́ ogbó.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, omi ni mo ń wá jẹun, lókè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí òjò ti máa ń wá bí àna tó ń kánjú. Kì í jókòó, kì í jẹun. Ọ̀gá Àkàndé ló ń darí wa.

A dé abúlé kan tí ọ̀dá ti mú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni baálẹ̀ ní: ṣé kí àwọn da màlúù lọ sódò ńlá nígbà tí wọ́n ṣì lè dìde, àbí kí àwọn dúró ti omi tí a bá rí?

A tọ ipa odò tó ti gbẹ. Gbogbo igi ti wọ́wé, ọ̀kan ṣoṣo ló tutù. Ìdí rẹ̀ la gbẹ́. Yanrìn tutù, omi sun. Ọ̀gá tọ́ ọ wò... kò níyọ̀. Ìlú hó!

Ọ̀gá ní, “Ó ku ká gbọ́n ọn gbẹ.”

Àwọn èèyàn gbá ìkòkò wọn mọ́ra.

Ẹ gbọ́, rírí omi kọ́ niṣẹ́ o. Omi òjò èṣí lè dúró sínú yanrìn, lórí amọ̀, bí ọbẹ̀ nínú abọ́. Ẹ bù ú tán, ó tán nìyẹn. Àfi kí ẹ gbọ́n kànga gbẹ, kí ẹ jókòó, kí ẹ wò ó bóyá òmíràn ń bọ̀.

A gbọ́n, a gbọ́n. Ìkòkò kún, ọpọ́n kún, màlúù mu. Omi ṣì kù. Ó wá di ká máa dà á sílẹ̀. Omi! Nínú ọ̀dá! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín dànù lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ tún ń kùn, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé èèwọ̀ yẹn fún yín?

Hàlímà, ìyá baálẹ̀, lọ jókòó sétí kànga. “Ẹ dà á lé mi lórí ná. Òǹgbẹ ti pa ọmọ mi kan rí.”

Ọ̀gá ní, “Màmá, tí a ò bá gbọ́n ọn tán, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún baálẹ̀.”

“Sọ fún un pé omi wà. Àbí kí lo fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn?”

Ta ló máa gbé ìyá baálẹ̀ kúrò? Ọ̀gá sọ fún baálẹ̀ pé òun ò mọ̀ bóyá òmíràn máa sun. Baálẹ̀ wo ọ̀gá, ó wo omi. Ó ní àwọn máa dúró.

Kọ́lá, kí lo ní? Kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i? Àpáta ló wà lábẹ́ amọ̀, ọmọ mi. Àpáta ò mọ̀ pé o gboyè ní Toronto.

Iṣẹ́ gbé wa lọ sí abúlé mìíràn. Nígbà tí a fi padà débẹ̀, omi ti tán, kànga ti di ihò. Màlúù sùn káàkiri, wọn ò dìde mọ́. Àwọn èèyàn ti fẹsẹ̀ rìn lọ sódò ńlá. Àwọn tí kò débẹ̀, àwa la sin wọ́n lójú ọ̀nà. Hàlímà nìkan ló kù nílé. Kò lè rìn. Òun ló ní kí ọmọ òun máa lọ. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ó ní, “Ṣé omi ti sun?”

Ọ̀gá kúnlẹ̀. Ó da omi inú ike rẹ̀ sí i lẹ́nu.

“Ó ti sun, Màmá. Ẹ tọ́ ọ wò.”

Ó tọ́ ọ wò. Ó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò ṣú tó fi kú.

Ọ̀gá náà ti lọ báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Markham, nítòsí Toronto níbí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń jẹ́rìí pé bàbá àwọn ò parọ́ rí láyé rẹ̀, ìyá wọn náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, títí kan ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi... kí ọ̀rọ̀ yìí má dé Markham.