Òwú Pupa Tí Mo Tú Lọ́rùn Ìgò

Màdáàmù mi, Jẹ́jẹ́ kọ́ ló pa Màmá yín. Mo ní kí n kọ́kọ́ kọ èyí sílẹ̀, kí n má baà tún rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́. Èmi tí ẹ máa ń pè ní Onítíréè ni mo kọ ìwé yìí. Ìwé mi kò pọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ bá mi tún lẹ́tà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe, nítorí ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń tún un ṣe kó lè dùn ún gbọ́ létí ara mi. Lọ́la ni wọn yóò la ọ̀fun mi. Dókítà ní bí òun bá yọ kókó tó wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n má lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó tún sọ ìyókù, ilẹ̀ ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn ará ilé mi ń sọ pé àìsàn ni, èmi sì mọ ohun tí mo gbé mì.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi níbí ló mú kí n béèrè bébà. Tíréè irin kan tó ti họ létí ló fi ń gbé oògùn kiri, oògùn kọ̀ọ̀kan wà nínú páálí rẹ̀, á sì ka orúkọ rẹ̀ sókè kó tó fi lé mi lọ́wọ́, bí ẹni ń pe ọmọ ní kíláàsì. Lánàá, bó ṣe pe orúkọ oògùn kejì, ẹkún gbọ̀n mí. Ó bi mí pé, “Ìyá, ṣé ó ń dùn yín ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò purọ́ nígbà yẹn.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo ń wọlé onílé, mo ń tò ó kó lè dùn ún wò, tíréè ni mo sì fi ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí mo ń sọ fún gbogbo ènìyàn: ohun méje tó fọ́n ká orí tábìlì, ìdọ̀tí ni, kó ohun méje náà sínú tíréè kan, ó di ọ̀ṣọ́. Èmi ni mo gbé tíréè idẹ kékeré sẹ́nu ọ̀nà yín tí ẹ kò fi wá kọ́kọ́rọ́ kiri mọ́. Èmi ni mo ra tíréè onígi tó ní ìdìmú méjì, tí ẹ fi ń gbé tíì jáde fún àlejò, tí àlejò á máa yin tíréè kó tó rántí mu tíì. Orí tábìlì àárín pálọ̀, mo gbé èyí tó ń dán bíi dígí síbẹ̀, mo to nǹkan mẹ́ta sí i: ohun gíga kan, ohun kúkúrú kan, ohun kan tó wà láàyè. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ yẹn kó sí mi lórí. Gbogbo ilé yín ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, àfi yàrá Màmá.

Jẹ́jẹ́ tó ń tọ́jú Màmá ló ni yàrá yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé bó bá ń gbé Màmá láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, bí ẹni gbé ẹyin ni. Tíréè tó ń lò burú. Ó ti dípẹtà, ó ti tẹ̀ láàárín, ó sì kún fún páálí oògùn tí apòògùn fi bírò kọ nǹkan sí lára gàdàgbà-gadagba. Mo ní, “Jẹ́jẹ́, ṣé tíréè nìyí àbí ìdérí ìkòkò tó ti ogun bọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí, ẹ fi àgbàlagbà sílẹ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.” Mo ní ó ń ba yàrá jẹ́. Ó ní, “Yàrá ló ń bà jẹ́, kò ba ara Màmá jẹ́.” Màmá sì dá sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì, pé, “Bí ẹ̀yin méjèèjì bá máa jà, ẹ gbé ìrọ̀rí mi sókè ná, kí n lè rí ìran náà dáadáa.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n bá ẹ̀rín yẹn jáde kúrò ní yàrá náà.

N kò jáde. Mo ra tíréè aláwọ̀ igi tó ní etí wúrà, mo ra ìgò kékeré méjì tó jọra bí ìbejì, mo da oògùn ṣúgà sínú ọ̀kan, mo da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú èkejì, mo sì kó páálí wọn dànù. Mo dà á nù! Jẹ́jẹ́ dúró tì mí, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Àǹtí, oògùn kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ o. Funfun ni méjèèjì. Ti ṣúgà, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ sì mọ̀ pé ojú mi kì í rí ohun wínníwínní.” Mo ní Màdáàmù ti gbà á. Ẹ gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo rọ̀ yín. Jẹ́jẹ́ kò bá mi jiyàn mọ́. Ó fa òwú pupa kan yọ láti inú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ìgò oògùn ṣúgà. Ó ní, “Èyí tó wọ òwú, ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tí kò wọ òwú, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tán.” Òwú yẹn dùn mí bí ẹ̀gún. Kò bá wúrà mi mu.

Ọjọ́ tí àwọn oníwèé ìròyìn wá ya fọ́tò ilé yín ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Jẹ́jẹ́ ti gbé Màmá jáde lọ yá oòrùn. Onífọ́tò wo tíréè náà, ó ní, “Ìyá, òwú pupa yẹn ń pariwo nínú fọ́tò mi.” Mo tú u. Mo fi sí abẹ́ ìka mi, mo ní wọ́n á yà á tán ni, màá so ó padà. Wọ́n gbé tíréè lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n yí i, wọ́n tún un yí, wọ́n gbé e padà wá. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé ìgò ọwọ́ òsì ló wọ òwú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òsì tíréè ti di ọ̀tún, àbí ó ti yí padà di òsì? Màdáàmù, ìbéèrè kan péré ni: “Jẹ́jẹ́, wo èyí fún mi, mo ti dà á rú.” Ẹnu mi wúwo. Mo ń rò ó pé á ní òun ti sọ fún mi. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sá fún. Mo so òwú náà mọ́ ìgò tó sún mọ́ mi jù, mo ta á ní kókó dáadáa, mo sì kí wọn káàbọ̀.

Ọjọ́ kẹta, mo wá pààrọ̀ òdòdó. Mo bá Màmá nínú òógùn, tó ń pe orúkọ àwọn tó ti kú. Ẹ̀yin àti Jẹ́jẹ́ gbé e sínú mọ́tò, ẹ lọ. Ó ku èmi nìkan nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì ṣì ń gbóná. Kò pẹ́ tí ẹ pè mí lórí fóònù. Ẹ ní, “Dókítà ní ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Gbé tíréè oògùn wá bó ṣe wà. Má fọwọ́ kan nǹkan kan.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo da hóró oògùn láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ìlà tín-ín-rín kan wà láàárín ti ṣúgà, mo ti rí i lọ́jọ́ tí mo dà á sínú ìgò, ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Inú ìgò tí kò wọ òwú ni mo ti bá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọjọ́ méjì gbáko. Ohun tí mo ṣe nìyí, mo sì ń kọ ọ́ kedere: mo tú òwú náà kúrò níbi tí mo so ó sí, mo so ó mọ́ ibi tó yẹ kó wà, mo nu ìgò méjèèjì, mo sì gbé tíréè náà wá bá yín ní ọsibítù láìjẹ́ kí hóró kan yí.

Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Dókítà ti fún Màmá ní omi ṣúgà, Màmá ti la ojú, ó tilẹ̀ ti béèrè ẹni tó wọ̀ ọ́ ní aṣọ burúkú yẹn. Dókítà yíjú sí Jẹ́jẹ́: “Ṣé kò lè jẹ́ pé ó ti ń mu oògùn ṣúgà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn náà ṣì wà lára rẹ̀, ṣúgà á tún lọ sílẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀.” Jẹ́jẹ́ ní, “Rárá, sà. Òwú ni mo ń tẹ̀ lé.” Dókítà wo òwú náà, ó wà níbi tó yẹ. Ó wá bi èmi: “Ṣé bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí nìyí?” Gbogbo yín ń wò mí. Màmá náà ń wò mí. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á, Màdáàmù. Àṣìṣe mi kò tíì pa á. Ẹnu mi ló pa á. Dókítà gbà mí gbọ́, wọ́n yọ omi ṣúgà, ẹ gbé e padà sílé lọ sinmi. Lọ́jọ́ kejì, kó tó di ọ̀sán, ṣúgà rẹ̀ tún lọ sílẹ̀, Màmá kò sì dìde mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka hóró oògùn, ti ṣúgà dín ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ojú sì yí sí Jẹ́jẹ́. Ó dúró láàárín pálọ̀ yín, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ní, “Bóyá ojú mi ló ṣì í.” Mo wà níbẹ̀. Mo dúró ti tíréè pálọ̀, mo ń tún àwọn ohun mẹ́ta mi tò. Ẹ lé e, wọ́n gba káàdì iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún jẹ́ kó fọwọ́ kan aláìsàn. Èmi, ẹ fi tíréè oògùn etí wúrà náà ta mí lọ́rẹ. Ẹ ní èmi ni mo jẹ́ kí ìgbẹ̀yìn Màmá lẹ́wà.

Ní ọdún tó kọjá mo kó aṣọ lọ sí ilé alágbàfọ̀, Jẹ́jẹ́ ni mo bá nídìí iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ka nọ́ḿbà ara aṣọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún pe ẹni kejì rẹ̀: “Bá mi wò ó, ojú mi kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé.” Nígbà tó mọ̀ mí, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, gbogbo ayé bú mi, ẹ̀yin nìkan lẹ kò bú mi. Mo máa ń rántí yín nínú àdúrà.” Mo gba aṣọ mi, mo sì lọ. Ẹ gbọ́ mi? Mo ní mo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì ń bọ̀, mo gbọ́ ìró tíréè rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ni yóò gbé ìwé yìí wá, pẹ̀lú tíréè náà. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, wọ́ọ̀dù kejì ni mo wà, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé ohun tó bá ní orúkọ lára, kí wọ́n má tìtorí ẹwà ṣí orúkọ rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá sì da nǹkan rú, kí wọ́n pariwo kó tó di ọ̀la. Ìdáríjì, mo fẹ́ ẹ, mo ń tọrọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Kí ẹ tó bú mi, kí ẹ tó sunkún, ẹ mú ìwé yìí lọ sí ilé alágbàfọ̀, kí ẹ kà á fún un fúnra yín, sókè, nítorí pé bó bá fúnra rẹ̀ kà á, kò ní gbà pé ojú òun rí i dáadáa. Bí ẹ bá kà á dé ibi tí mo wà yìí, ẹ rọra ka èyí tó kù, tirẹ̀ ni.

Jẹ́jẹ́, ibi tí o so òwú sí, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà. Ojú rẹ kò ṣì í rí.