Tíkẹ́ẹ̀tì Ẹ̀dínwó ti Douala

Ẹ má tíì kí mi kú ọ̀fọ̀, Bùrọ̀dá Buraimoh! Àná ni mo ti ìlú dé, ẹ jẹ́ n mí ná. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń ké lókè òrùlé yẹn? Bàálù ni! Ní Okala tí mò ń gbé nílẹ̀ àjèjì yìí, bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, ife orí tábìlì mi á máa gbọ̀n, bí mo bá sì gbé omi tíì kaná kí n tó jáde, kò ní tíì hó tí màá fi dé pápákọ̀ òfurufú, èmi yìí náà ni mo wá wọ mọ́tò lọ wọ bàálù ní Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù! Háà! Èmi Sàdíátù!

Ta ló ní kí n lọ? Ẹ má wolẹ̀, ojú mi ni kí ẹ wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n pè mí láti Ìwó pé ara ìyá mi ò yá, pé wọ́n ń béèrè mi. Mo ti di báàgì. Bàálù Ọjọ́rú ṣì ní àyè. Ẹ̀yin lẹ wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́: "Sàdíátù, àwọn ará ibí ń rẹ́ ọ jẹ, ìdajì owó yìí ni wọ́n ń gbà ní Douala." Ìdajì! Mo gbọ́ iye, mi ò béèrè ọ̀nà.

Ẹ ò sọ pé mọ́tò á kú sí ọ̀nà Bitam ká tó dé ẹnubodè, ká sùn sínú rẹ̀. Ẹ ò sọ pé ní ẹnubodè, wọn á ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mi ti gbó, kí n lọ gba òmíràn. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni mo dé Douala, bàálù ti lọ láàárọ̀. Wọ́n ní, "Madame, dimanche." Dimanche! Ó di Ọjọ́ Àìkú! Mo sanwó òtẹ́ẹ̀lì, mo tún ra tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ ti ju owó bàálù tibí lọ.

Owó kọ́ ló ń dùn mí. Wallahi, owó kọ́! Ìyá mi ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé bí àwọn bá kú, "Sàdíátù ni kó wẹ̀ mí, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kì í kánjú." Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kú. Àwọn ará ilé dúró dè mí títí wọ́n fi kírun Jímọ̀ tán, wọ́n ń pè mí, "O ti dé ibo?" Kí ni kí n wí? Pé mo wà lójú ọ̀nà, mò ń ṣọ́wó ná? Lèmọ́mù ní òkú ò lè dúró mọ́. Ẹ mọ ẹni tó wẹ̀ wọ́n? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi! Èyí tí òun àti ìyá mi ò kí ara wọn láti ọdún mẹ́ta! Wọ́n ní ó ń sunkún, ó sì rọra ṣe é. Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ni wọ́n bẹ̀, Bùrọ̀dá. Ọwọ́ tèmi! Nígbà tí mo dé, iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì ti gbẹ.

Kí lẹ wí? Ẹ tún un wí. Malabo? Pé fún àdúrà ogójì ọjọ́, ti Malabo tún dínwó ju ti Douala lọ?

Hà! Hà-hà-hà! Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín lójú ọ̀fọ̀. Inú òkun ni Malabo wà, ṣé kí n lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀ ni?

Ó dáa. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi, níbí yìí, iye tí wọ́n pè é ni mo san. Bí ọjọ́ bá pé, ẹ̀yin lẹ máa ru báàgì mi. Mi ò wọ takisí. Orí yín ni yóò wà, láti ẹnu ilẹ̀kùn yìí títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ní pápákọ̀, kí ẹ máa ka ìṣísẹ̀ yín lọ. Tí a bá débẹ̀, ẹ sọ iye ìṣísẹ̀ tó jẹ́ fún mi.

Lẹ́yìn náà, ẹ lè wá kí mi kú ọ̀fọ̀.