Irúgbìn Ilá Tí Kò Gbẹ

Ẹ̀yin ìjọ Ànọ́bì, ọ̀rọ̀ àmánà, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tó mọ àléébù ohun tó fẹ́ fi léni lọ́wọ́, tó sì dákẹ́, ṣé ó lè sọ pé òun ò parọ́? Bí ọ̀fọ̀ bá wá ṣẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ sún mọ́ wa.

Obìnrin kan wà lábúlé kan lẹ́bàá Ìwó, Kúbúrátù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Múnírù ni wọ́n ń pè é. Òun àti Lásísì ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú irúgbìn ilá táwọn obìnrin abúlé ń gbìn. Wọn á sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí á fi gbẹ, wọn á pò ó mọ́ eérú, wọn á rọ ọ́ sínú ìgò, wọn á fi abẹ́là yíyọ́ dí i lẹ́nu. Bó bá pẹ́ tó bá a ṣe fẹ́, á ṣì hù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, Lásísì kú. Kúbúrátù ò sunkún. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́. Wọ́n ní kó sùn, ó dùbúlẹ̀. Àfi bíi pé aládùúgbò ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Inú opó yẹn náà ló ti di irúgbìn ọdún yẹn. Ó ju hóró kan sẹ́nu. Hóró tó gbẹ máa ń dún lábẹ́ eyín. Èyí ò dún, ó rọ̀. Ó yẹ kó tún un sá, ó sì mọ̀. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń dí ìgò lẹ́nu ni, kò ṣe é bíi nǹkan kan.

Nígbà tójò dé, inú ìgò ti làágùn. Ó rí i. Ó kó o fún Ṣífáwù, aṣáájú àwọn obìnrin náà, pé kí wọ́n lọ gbìn ín.

Ilá ò hù. Ebè ṣófo lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn obìnrin wá bá a, wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀ torí opó ni. Wọ́n ní òjò ọdún yìí ni ò dára, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ẹ ò rí i? Wọ́n ti bá a wá àwáwí! Kí lẹ rò pé Ṣàítánì ń sọ sí i létí nígbà yẹn?

Wọ́n ti dìde, wọ́n ti ń wọ bàtà, kí Kúbúrátù tó lanu.

"Ṣífáwù, kì í ṣe òjò. Irúgbìn yẹn ò gbẹ. Mo mọ̀ kí n tó dì í."

Ṣífáwù bọ́ bàtà rẹ̀ padà. "Ìyá Múnírù, ẹ mọ̀, ẹ sì kó o fún wa?"

"Mo mọ̀."

Kúbúrátù wọ yàrá, ó gbé ìgò kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lásísì ló dí i lọ́dún tó ṣáájú. Àmì àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lára abẹ́là. Látìgbà tó ti kú, ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó fi ọ̀bẹ họ abẹ́là náà kúrò, ó gé hóró kan jẹ, ó dún. Ó ní kí wọ́n tètè lọ gbìn ín.

Irúgbìn ọ̀hún ò kárí oko. Àwọn kan ò sì gba irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe lọ tán lọ́jọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa èérún abẹ́là nílẹ̀. Ibẹ̀ lẹkún ọkọ rẹ̀ ti bá a.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ọ̀fọ̀ ò lè ṣẹ̀ nínú wa? Ṣùgbọ́n àmánà ṣì ń bẹ lọ́rùn wa. Ọlọ́run Ọba, bí ọkàn wa bá kú débi tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́, má jẹ́ kí ahọ́n wa kọ òdodo. Fẹsẹ̀ wa lé ọ̀nà tó tọ́. Àmín.