Irọ́ tí mo pa tí Yémisí kò fi lọ sí Ìbàdàn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì, kò dà, kò sì ṣeé bì. Mo ti pinnu pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, n kò sì mọ ohun tí mo máa wí fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Àgbàlagbà ni mí. Ayégbajú ni mò ń gbé. Mo ṣe tíṣà, mo fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé Èkó dá ilé iṣẹ́ gàrí sílẹ̀ níbí, ó sì ní kí n wá ṣe máníjà rẹ̀. Màdáámù ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi mójú tó wọn. Ọmọ yín ni gbogbo wọn.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, pé ọmọ mi ni wọ́n. Ẹ máa rí ibi tó bá mi dé.

Yémisí wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ìdí agbada ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń yan gàrí. Nígbà tó ṣe, mo fi í ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń yan. Nígbà tó tún ṣe, n kò mọ ìgbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá láti Ìtapàjí àti Àsin, òun ló ń dá wọn lóhùn. Bí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ bá dákẹ́, òun ló ń wá mẹkáníìkì. Bí àwọn obìnrin bá jà, òun ló ń là wọ́n. Èmi á wà ní ìpàdé ìjọ ní Ìkọ̀lé, ọkàn mi á balẹ̀.

Àwọn obìnrin náà kò tilẹ̀ fi bò. Ìyá kan wà tó ń bó ẹ̀gẹ́, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó kí mi lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo wọn: “Bàbá Máníjà, ẹ kú ìjókòó o! Ẹ̀yin lẹ joyè, Yémisí ló ń ṣe uṣẹ́ ẹ̀!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, n kò ní parọ́.

Ó wá di ọdún kan, Màdáámù ní òun fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, bí a ṣe ń darí ilé iṣẹ́ àti bí a ṣe ń ṣe gàrí tí wọn yóò lè gbà lókè òkun. Ẹni tó bá lọ, tó bá dé, yóò di igbákejì mi. Ó rán àwọn méjì wá láti Ìbàdàn. Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè. Yémisí pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó jáde, ó ń fi etí ìró nu òógùn ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ọ̀kan nínú wọn pè mí. Ó ní, “Bàbá, Yémisí la mú. A ò tilẹ̀ jiyàn lórí ẹ̀. Ẹ bá wa sọ fún un.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Mo pe Yémisí sí ọ́fíìsì mi. Ó kúnlẹ̀. Mo ní, “Má jẹ́ kó dùn ọ́, ọmọ mi. Àwọn ará Ìbàdàn ní o ò yege. Wọ́n ní orí rẹ kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.” Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ ò fi pamọ́ fún mi.” Ó dìde, ó padà sídìí agbada.

Mo sì pe Màdáámù. Mo ní ọkọ Yémisí kò gbà kó lọ. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ o. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan dípò rẹ̀. Ọmọ náà kọ́ṣẹ́ tán, ó gba Èkó lọ, a ò rí i mọ́.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni irọ́ méjèèjì ò ṣe pàdé. Ẹ mọ ilẹ̀ wa. Màdáámù kò lè fo èmi àgbà kó lọ máa bi òṣìṣẹ́ léèrè. Ó ní, “Ẹ̀yin ni bàbá wọn. Ohun tí ẹ bá wí labẹ gé.” Yémisí náà ńkọ́? Kò jẹ́ pe Màdáámù láìgbàṣẹ lẹ́nu mi, kí wọ́n má baà sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún mi ni mo fi bo irọ́ náà mọ́lẹ̀.

Kí ló dé tí mo ṣe é? Ẹ̀rù ló bà mí. Bí Yémisí bá lọ, ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ mi? Bó bá sì dé pẹ̀lú ìmọ̀ tí n kò ní, ṣé ojú rẹ̀ ni n óò máa wò kí n tó sọ̀rọ̀? Mo wá ń fi nǹkan tù ú nínú. Nígbà tó bímọ, mo gbé iṣu lọ. Bí ọdún Kérésì bá dé, mo máa ń gé ẹran fún un ju ti ẹlòmíì lọ. Mo ń fọ́nnu láàárín ìjọ pé kò sí ọ̀gá tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ bíi tèmi. Mo ń bọ́ ọ, mo ń yìn ín, n kò jẹ́ kó dàgbà.

Mo ti fi ipò náà sílẹ̀ báyìí. Táyọ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi, ọmọ tí mo lè bí ni. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé àga sábẹ́ igi, ó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé, “Kí lẹ fẹ́ dà? Kí ni mo lè ṣe tí ẹ óò fi dà á?” Nígbà tí mo gbọ́, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Mo ní, “Gàrí ni wọ́n ń yan. Kí ni wọ́n tún fẹ́ dà?”

Ìyàwó mi wò mí títí. Ó ní, “Ìwọ ńkọ́, nígbà tó o ṣì jẹ́ tíṣà kékeré, ta ló jẹ́ kó o ráyè kàwé sí i?”

Ọ̀gá ilé ìwé wa ni. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ́ tirẹ̀, ó ń kọ́ wọn pọ̀ kí n lè lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Táyọ̀ bá mi délé lẹ́yìn ìsìn. Màdáámù ń ṣí ilé iṣẹ́ míì sí Ìdó, Yémisí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ibẹ̀. Kó kàn kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn fún ẹ̀kọ́ ni. Yémisí kọ̀.

Táyọ̀ ní, “Bàbá, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní wọ́n ti yẹ òun wò rí, orí òun ò gbà á. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n má dààmú ara mi. Ọ̀rọ̀ yín ló lè wọ̀ ọ́ létí. Bí kò bá gbà kí oṣù yìí tó parí, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún o.”

Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Yémisí fúnra rẹ̀ gbé láfún wá kí wa. Mo ní, “Yémisí, lọ. O lè ṣe é.” Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Háà, Bàbá! Ẹ̀yin náà? Ṣé mo ti pààrọ̀ orí ọjọ́sí ni? Àánú mi ló ń ṣe àwọn Táyọ̀, wọ́n kàn ń pọ́n mi lé ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi rí.”

Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i, kó padà wá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ó ní, “Ohun tí ẹ bá ti wí ni mo máa ṣe, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ ulé.”

Ìyàwó mi ní kí n sọ òótọ́. Ọkàn mi ń sọ pé kí n panu mọ́, kí n kàn máa rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rọ̀ ọ́, ẹ̀rín ló fi rín. Bí n kò bá sọ pé irọ́ ni mo pa, kò ní lọ. Bí mo bá sì sọ ọ́, mo mọ ìlú yìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti gbọ́ ọ dé Ọ̀yẹ́. Èmi tí mo ń ka Bíbélì níwájú ìjọ! Ọkọ rẹ̀ tí mo fi orúkọ rẹ̀ parọ́ ńkọ́? Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé Yémisí lè má bínú rárá. Ó lè kúnlẹ̀, kó ní, “Kò burú, Bàbá.” N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ gba ìyẹn.

N kò ní kí ẹ dá mi láre. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni àgbà ṣe ń bẹ ọmọ tó ti fi í ṣe bàbá? Ṣé kí n pe ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn, àbí òun nìkan? Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún un, ṣé wọn ò ní sọ pé mo fẹ́ fi ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ ni? Gbólóhùn àkọ́kọ́ péré ni kí ẹ kọ́ mi. Bí ìyẹn bá ti jáde lẹ́nu mi, n kò ní lè gbé èyí tó kù mì mọ́.