Fíríìjì Tí Wọn Kò Dárúkọ

Ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, Ìyá Rájí. Ṣé kì í ṣe sùúrù ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí ọkọ mi, àbúrò yín, ti gbé bátìrì sólà wọn wọ yàrá mi? Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ká ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, òun ló wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn, òun àti ínfátà tó ń fi iná rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé, tó ń kùn sí mi létí títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Wọ́n ní pálọ̀ wà fún àlejò, yàrá tàwọn náà ti kún, ló bá di yàrá ìyàwó. Èmi ni mo ń ṣọ́ iná, n kò sì gbọdọ̀ ki wáyà fíríìjì mi bọ̀ ọ́.

Ṣé ẹ rí fíríìjì kékeré tí mo fi aṣọ bò yẹn? Èmi ni mo gbé e wá láti ilé wa ní Ṣàrẹ́. Kì í ṣe mínírà ni mo fẹ́ kó sínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tí mo ń gún láàárọ̀ lálẹ́ ni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, dókítà ní kò gbọdọ̀ rí ooru. Iná ìjọba ńkọ́? Àrándùn yìí náà lẹ̀ ń gbé, ẹ dá ara yín lóhùn.

Ọjọ́ tí Fọlárìn tó ń ṣe sólà wá láti Òmù-Àrán, etí mi wà níbẹ̀. Ó ní, Alàgbà, ẹ dárúkọ gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé yìí, ìyẹn la ó fi mọ iye páńẹ́lì tó máa gun òrùlé àti bí bátìrì ṣe máa tóbi tó. Èyí tí ẹ kò bá dárúkọ, kò ní rí jẹ o. Àbúrò yín bẹ̀rẹ̀: gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, fóònù. Ó tán. Mo ń wo ẹnu wọn. Mo húkọ́. Wọ́n ní kí n lọ bu omi sí i fún àlejò.

Nígbà tí mo bi wọ́n, ẹ gbọ́ èsì: wọ́n ní ọkùnrin kì í ka ẹrù ìyàwó rẹ̀ fún àlejò. Ẹ̀yin ọmọ ilé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe kọ́ yín? Èmi mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ta ló bí fíríìjì?

Mo ki wáyà fíríìjì mi bọ iná náà lẹ́ẹ̀kan, ínfátà figbe ta, gbogbo ilé ṣú. Fọlárìn ní tí fíríìjì bá fẹ́ gbéra, iná tó ń fà ju ti gbogbo fáànù ilé lọ, ó sì ń jẹun tọ̀sán tòru, àfi kí á fi páńẹ́lì àti bátìrì kún un. Àbúrò yín ní kí á fi í sílẹ̀ ná. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Rúùtù, aládùúgbò wa, ni oògùn mi wà, tí ọkọ tiẹ̀ dárúkọ fíríìjì fún Fọlárìn. Láàárọ̀, mo kan ilẹ̀kùn. Lálẹ́, mo kan ilẹ̀kùn. Ojú ń tì mí, Ìyá Rájí.

Ìyá mi ń ṣàìsàn ní Ṣàrẹ́, n kò lè sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wọn. Ṣé kí n gbé fíríìjì Rúùtù dání ni? Bí mo bá sì ti yàrá jáde, tí ínfátà ké, tí kò sẹ́ni tó máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kí iná padà, wọ́n á ní mo ti iná mọ́lé. Wàláì, ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sàn jù mí lọ, ẹni tó so ó a máa já ewé fún un.

Kí n bẹ̀ wọ́n? Mo ti kúnlẹ̀ títí, orúnkún ń ro mí.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́? Òun ló ń ké yẹn. Èmi kọ́ o, ọwọ́ mi rèé. Fáànù ti dúró. Òní Jímọ́ọ̀, kí ló lè... Áyọ́ọ̀nù ni. Agbádá ni àbúrò yín ń lọ̀ ní pálọ̀, wọ́n fẹ́ lọ kírun. Ìyá Rájí, ṣé wọ́n dárúkọ áyọ́ọ̀nù fún Fọlárìn? Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo rín in kẹ́yìn nínú yàrá yìí.

Ẹ má dìde. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ yín ni bọ́tìnì tó ń jí i wà, mo sì ti tilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ mi. Wọ́n ń bọ̀, mo ń gbọ́ sálúbàtà wọn.

Bàbá Aliyah, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n yín wà níbí. Ẹ rọra kan ilẹ̀kùn, èmi náà mọ bó ṣe ń rí. Ẹ pe Fọlárìn sórí fóònù níbi tí ẹ dúró sí yẹn. Ẹ dárúkọ fíríìjì, kí n gbọ́ ọ, kí n tó ṣílẹ̀kùn.